Ọdún Tí Mẹ́jọ àti Mẹ́fà Di Mẹ́wàá

Ìlẹ̀kùn kan wà ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkàrẹ́ tí kò ṣí sí ibì kankan. Yàrá àtijọ́ kan ni ó ti ń ṣe ìlẹ̀kùn fún kí ikán tó jẹ férémù rẹ̀ tán. Bàbá mi yọ ọ́, ó lọ dúdú inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì tí ó ti kú mọ́ ewé tútù, ó fi kùn ún léraléra títí ó fi dúdú bí ìdí ìkòkò, ó sì fi í ti ògiri ilé ìdáná níbi tí òjò kò ti lè bà á. Olùkọ́ ni Bàbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ìlú wa. Físíìsì ni ó ń kọ́, èyí tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní ìṣirò àwọn tí kò ní oko láti ro. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí a bá ti gbálẹ̀ tán, tí ìlà ọwọ̀ ṣì wà lára ilẹ̀ pupa àgbàlá, ó máa ń kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sí ara ìlẹ̀kùn náà. Àgbàlá wa kì í dákẹ́ ní àkókò yẹn. Àwọn ọmọ kéú ní ilé Alúfàá tí ó múlé tì wá a máa ka wàláà wọn lóhùn kan, ìyá mi a máa fi igbá wọn èlùbọ́ sínú àpò, ọ̀bẹ Ìyá Àgbà, tí ó bí bàbá mi, a sì máa gba inú iṣu kọjá pẹ̀lú ìró tí ó dàbí ẹni ń fa aṣọ ya díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró ẹfun lára igi ni etí mi ń wá. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ohun tí ó jọ ọ́, èémí mi a kọ́kọ́ dúró ná.

Mo ka ìlẹ̀kùn náà sí ohun ìní mi. Èmi ni àkọ́bí, àwọn àbúrò mi kò tíì mọ̀ ju kí wọ́n máa ka ọsàn lórí igi. Bàbá ní síléètì méjì tí ó ti fi pamọ́ láti ìgbà tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ó fi ọ̀kan fún mi, kì í ṣe nítorí pé kò sí ìwé, bí kò ṣe pé ó gbà pé ìwé a máa gba àwáwí, síléètì kì í gbà á. Bí mo bá ti ṣe iṣẹ́ mi tán, n óo da ojú síléètì náà dé sórí ìdérí àmù omi. Kí a tó jẹun ọ̀sán, Bàbá yóò ṣí i, yóò wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò sì wí pé, "Ó dára, Mojísọ́lá." Gbogbo ilé ní ń pè mí ní Mojí, òun nìkan ni ó máa ń pe orúkọ mi pé, ní ọjọ́ Sátidé nìkan. Ohun mìíràn tún wà tí mo ti fi ojú jẹ. Nínú àpótí Bàbá ni rúlà kan wà, igi tí a fi ohun funfun bò lójú, tí àárín rẹ̀ ń ṣí lọ ṣí bọ̀, tí ènìyàn lè fi sọ iye kan di ìlọ́po iye mìíràn láìfi ọwọ́ kan pẹ́ńsù. Olùkọ́ tirẹ̀ ni ó fi ta á lọ́rẹ. Ó ti ṣèlérí pé ọmọ tí ó bá kọ́kọ́ yanjú ìbéèrè tí ó le jù lọ lọ́wọ́ òun nínú ilé yìí ni yóò gba rúlà náà. Ó sọ pé "ọmọ tí ó bá", ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ni ó wà níbẹ̀? Èmi ni.

Lẹ́yìn náà ni Dúpẹ́ dé. Ọmọ àbúrò bàbá mi obìnrin ni, láti Ọ̀kà. Bàbá tirẹ̀ ti kú nígbà tí ó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún tí mo ń wí yìí, olùkọ́ físíìsì ilé ẹ̀kọ́ wọn lọ sí ibòmíràn, wọn kò sì rí ẹlòmíràn fi rọ́pò rẹ̀, ni ìyá rẹ̀ bá fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun pẹ̀lú àpò èlùbọ́ kan àti báàgì kan tí kò ní ju aṣọ mẹ́ta nínú. Nínú báàgì náà ni kànnàkànnà kan wà, okùn tí a hun tí ó ní ojú awọ ní ìdí, irú èyí tí a fi ń ju òkúta jìnnà. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní, "Ṣé ogun ni o wá jà ní Ìkàrẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí Mojí, ewúrẹ́ ni. Lórí àpáta tí a ń sá iṣu sí, bí mo bá kàn sá lé wọn, wọn yóò jẹ ìdajì kí n tó dé ibẹ̀." Oṣù mẹ́rin péré ni mo fi jù ú, èmi ni mo sì sọ ọ́ di dandan pé kí ó máa pè mí ní Àǹtí. Kò jà sí i. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀.

Ibùsùn mi ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé di tirẹ̀, nítorí pé àlejò ni. Orí ẹja tí Ìyá Àgbà máa ń bù sí àwo mi nígbà tí a bá jẹ iyán, ó ń bù ú sí tirẹ̀ báyìí, ó ní ọmọ aláìníbaba kò gbọdọ̀ wo ẹnu ẹlòmíràn. Gbogbo ìyẹn ni mo lè fara dà. Síléètì kejì ni n kò lè fara dà. Bàbá nù ún mọ́, ó fún un, ó sì di pé síléètì méjì ni ó ń dé orí àmù ní ọjọ́ Sátidé. Bí ó bá ṣí tèmi, yóò wí pé, "Ó dára, Mojísọ́lá." Bí ó bá ṣí ti Dúpẹ́, kò ní sọ nǹkan kan, yóò kàn mi orí lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ó gbà á, yóò sì tún wò ó fún ìgbà díẹ̀ sí i. Mímì orí yẹn jẹ mí lọ́kàn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ni a fi ń tu ọmọdé lára, àti pé ìdákẹ́jẹ́ ni àwọn tí ó mọ nǹkan fi ń kí ara wọn. Mo dá wà nínú ilé ìwẹ̀, mo ń mi orí fún ara mi bí Bàbá ti ń mi tirẹ̀. Ìyá Àgbà rí mi nígbà tí mo jáde pẹ̀lú ojú kíkorò. Ó kàn gé iṣu rẹ̀ lọ, ó ní, "Òjòwú kò lẹ́ran láyà o. Wá fi ọwọ́ kan àyà rẹ wò."

Ìbéèrè tí ó le jù lọ náà dé ní Sátidé kan tí ọyẹ́ ti mú kí ètè gbogbo wa sán. Bàbá ya róbótó ńlá kan sí ara ìlẹ̀kùn, ó fi òkúta kan sí etí rẹ̀, ó sì ka ìbéèrè náà sókè. Ó ní kí a gbà pé ènìyàn kan so òkúta mọ́ okùn tí ó gùn ní mítà méjì, ó ń fì í yí ká lókè orí ní ìtẹ́jú, kí a má ka ìwúwo òkúta sí. Òkúta náà kò sáré ní ìwọ̀n kan náà. Eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní àkókò kan, eré rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń fi mítà mẹ́fà kún un bí ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan bá ti ń kọjá. "Kí ni àpapọ̀ ìyípadà eré rẹ̀ ní àkókò náà gan-an?" Ìyípadà eré ni ó ń pe ohun tí ó ní orúkọ gígùn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì. Ó kìlọ̀ fún wa gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀: "Eré ní iye, ó sì ní ibi tí ó kọjú sí. Bí iye bá yí padà, eré ti yí padà. Bí ojú bá yí padà, tí iye kò kúrò níbi tí ó wà, eré ti yí padà síbẹ̀. Òkúta yìí ń ṣe méjèèjì." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara ṣòkòtò. "Rúlà ń bẹ nínú èyí o."

N kò fi bẹ́ẹ̀ ronú. Mo ti há ọ̀nà méjèèjì sórí. Fún ojú tí ń yí padà, a óo sọ eré di ìlọ́po ara rẹ̀, a óo sì fi gígùn okùn pín in: mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin jẹ́ mẹ́rìndínlógún, a fi méjì pín in, ó jẹ́ mẹ́jọ. Àárín róbótó ni mẹ́jọ yìí ń fa òkúta sí. Fún iye tí ń pọ̀ sí i, Bàbá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ mẹ́fà. Ọmọ ilé èlùbọ́ ni mí. Láti ìgbà tí mo ti lè dúró ni mo ti ń bá ìyá mi ka kóńgò: kóńgò mẹ́jọ láti ọ̀dọ̀ ará Ọ̀bà, kóńgò mẹ́fà láti ọ̀dọ̀ ará Èsé, da gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, mẹ́rìnlá. Ó sọ pé "àpapọ̀", àbí kò sọ bẹ́ẹ̀? Mo kọ mẹ́rìnlá, mo fa ìlà méjì sí abẹ́ rẹ̀, mo sì lọ sí ìdí àmù. Síléètì Dúpẹ́ ti wà níbẹ̀, ó ti dojú bolẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn mi. Kò sí ẹnìkan. Mo fi ìka kan gbé etí rẹ̀ sókè. Mẹ́jọ wà níbẹ̀, mẹ́fà wà níbẹ̀, àwòrán onígun mẹ́ta kékeré kan wà láàrin wọn, ohun tí ó sì kọ sí ìsàlẹ̀ ni mẹ́wàá.

N kò lè sọ bí inú mi ti dùn tó láìtijú. Mẹ́jọ àti mẹ́fà, ó pe é ní mẹ́wàá! Ọmọ Ọ̀kà tí ń gba mímì orí! Mo lọ sí ìdí odó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán ọ̀sán pẹ̀lú agbára tí ó mú kí Ìyá Àgbà gbé ojú sókè. "Mojí, iṣu ni, kì í ṣe ọ̀tá." Láti ibi tí mo wà, mo rí Dúpẹ́ tí ó lọ bu omi mu lẹ́nu àmù. Kò pẹ́, ó wá dúró tì mí, ó di ọmọ odó kejì mú, a sì jọ ń gún un ní gbà-fún-mi-gbà-fún-ọ.

"Àǹtí Mojí."

"Kí ni?"

"Ọkàn mi kò balẹ̀ lórí tèmi. Ohun tí mo rí kéré. Mo ń rò ó pé bóyá kí n rò wọ́n pọ̀, mẹ́jọ àti mẹ́fà."

Ọmọ odó mi wọlé, tirẹ̀ jáde. Mo bi í bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan: "Kí ni o ti kọ tẹ́lẹ̀?"

"Mẹ́wàá."

"Má yí i padà," ni mo wí. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn ẹ̀gbọ́n, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. "Ohun tí ọkàn ènìyàn bá kọ́kọ́ sọ ni òtítọ́. Má jẹ́ kí ìbẹ̀rù ba iṣẹ́ rẹ jẹ́."

Ó wò mí fún ìwọ̀n ìgbà tí ọmọ odó fi lọ tí ó fi bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, "Ẹ ṣé, Àǹtí mi."

Bàbá kò jẹ́ kí a bu iyán kí ó tó ṣí síléètì. Ó ṣí tèmi. Ó ṣí ti Dúpẹ́. Ó gbé méjèèjì dání fún ìgbà pípẹ́, mo sì ti ń múra bí n óo ti fi ìrẹ̀lẹ̀ gba rúlà. Ó ní, "Mẹ́rìnlá. Mẹ́wàá." Ó wá gbé tèmi kalẹ̀. "Mẹ́wàá ni." Mo rò pé etí mi ni ó bàjẹ́. Kí n tó lè mí, Dúpẹ́ ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Mo ti fẹ́ yí i padà sí mẹ́rìnlá. Àǹtí Mojí ni ó ní kí n má yí i padà." Ìyá mi pàtẹ́wọ́. "Ẹ wá wo ọmọ mi! Ẹ wá wo ẹ̀gbọ́n rere!" Ṣùgbọ́n Bàbá kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wò mí bí ó ti máa ń wo ìṣirò tí ìdáhùn rẹ̀ péye ṣùgbọ́n tí ọ̀nà rẹ̀ ṣókùnkùn.

"Mojísọ́lá, bí o bá mọ̀ pé mẹ́wàá ni, kí ni ó dé tí o fi kọ mẹ́rìnlá?"

Ọ̀nà méjì ni ó ṣí sílẹ̀ fún mi. Mo lè sọ pé n kò mọ̀ ọ́n, kí gbogbo ilé sì mọ ìdí tí mo fi ní kí ó má yí i padà. Tàbí kí n purọ́. Mo jẹ́ agbéraga láti kékeré. Mo ní, "Àlejò ni, sà. Mo fẹ́ kí rúlà náà jẹ́ tirẹ̀."

Ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Ọ̀bẹ Ìyá Àgbà dúró sínú iṣu. Bàbá mú ẹfun kúrò nínú àpò, ó nà án sí mi. "Ó dára bẹ́ẹ̀. Wá fi ọ̀nà rẹ̀ hàn wá." Ibi tí mo jókòó sí kò jìnnà sí ìlẹ̀kùn ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ, n kò tíì rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo kọ mẹ́jọ. Mo kọ mẹ́fà. Mo dúró. Àwọn ọmọ kéú ń ka wàláà wọn ní òdì kejì ògiri, wọ́n sì ka ìlà kan náà tó ìgbà mẹ́ta kí ẹfun tó ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. "Jókòó, Mojísọ́lá," ni Bàbá wí. Kò pariwo. Ìbá sàn fún mi kí ó pariwo.

Dúpẹ́ ni ó ṣe é. Kò fi ẹfun bẹ̀rẹ̀. Kànnàkànnà rẹ̀ ni ó lọ gbé wá. Ó fi àkísà wé òkúta sínú rẹ̀ kí ó má baà fọ́ ìkòkò ẹnikẹ́ni, ó sì ń fì í lókè orí. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá ń fì í ní ìwọ̀n eré kan náà, okùn kàn ń fà á sí àárín ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí mo bá fẹ́ kí ó sáré sí i. Ọwọ́ mi kò lè dúró lójú kan. Ọwọ́ mi gbọ́dọ̀ máa ṣíwájú òkúta, okùn a sì dagun, a yẹ̀ kúrò ní ọ̀nà àárín. Ó ń fà á wọlé, ó sì ń fà á síwájú, okùn kan náà ni, fífà kan náà ni." Òkúta ń dún fùù lókè orí rẹ̀. "N kò mọ bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ní ìwé. Ewúrẹ́ Ọ̀kà kì í dúró kí a kọ ọ́. Mo ṣáà mọ̀ pé ohun tí ó dé ọwọ́ mi ju mẹ́jọ lọ, ju mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n kò tó méjèèjì."

Bàbá wá yí sí mi. "Mojísọ́lá, ohun méjì tí ó kọjú sí ibì kan náà ni a lè rò pọ̀ bí èlùbọ́. Fífà sí àárín àti fífà síwájú kò kọjú sí ibì kan náà. Bí etí ìlẹ̀kùn yìí méjì ti pàdé ní igun ni wọ́n ṣe pàdé." Ó ṣẹ́ igi ọwọ̀ kan fún mi. "Wọn mẹ́jọ gòkè láti igun. Wọn mẹ́fà lọ sí ẹ̀gbẹ́. Wá wọn ọ̀nà tààrà láti orí ọ̀kan dé orí èkejì." Mo kúnlẹ̀ ní ìdí ìlẹ̀kùn mi, mo fi igi ọwọ̀ wọ̀n ọ́n. Mẹ́wàá. Mo tún un wọ̀n, mo ń gbàdúrà pé kí ó jẹ́ mẹ́rìnlá. Mẹ́wàá. Ó kọ ọ́ sí òkè orí mi pé mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà jẹ́ mẹ́rìndínlógójì, àpapọ̀ wọn jẹ́ ọgọ́rùn-ún, mẹ́wàá sì ni iye tí a sọ di ìlọ́po ara rẹ̀ tí ó fi jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ó tún fi kún un pé mẹ́wàá nìkan kò tíì tó, a gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ó kọjú sí: kì í ṣe àárín gan-an, kì í ṣe iwájú gan-an, bí kò ṣe láti ọ̀nà àárín kí a yẹ̀ sí iwájú ní dígírì mẹ́tàdínlógójì, ó dín díẹ̀. Ó wọlé, ó gbé rúlà jáde, ó sì fi lé Dúpẹ́ lọ́wọ́. Ó mi orí. A jẹ iyán náà. Ó dán, ó kúnná, n kò sì gún irú rẹ̀ mọ́ ní ìgbésí ayé mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bá mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Ó ní, "Ẹni tí kò mọ̀, iṣẹ́ mi ni láti kọ́ ọ. Ẹni tí kò mọ̀ tí ó sọ pé òun mọ̀, n kò rí ìwé tí a fi ń kọ́ irú wọn." Kò mẹ́nu bà á mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, wọ́n rán àwa méjèèjì lọ sí Ọ̀kà láti bá ìyá Dúpẹ́ ṣọ́ iṣu. Àpáta ńlá ni ibẹ̀, ó gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ bí agbada, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní apá tirẹ̀ tí ó ń sá iṣu sí. Kò sí ààlà lójú, ṣùgbọ́n ọmọdé kò ní ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí rẹ̀. Ègé iṣu funfun bo òkúta dúdú títí lọ. Mo dúró di ìgbà tí Dúpẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ pọn omi, mo mú kànnàkànnà rẹ̀, mo fì í. Ní ìwọ̀n eré kan náà, ó rọrùn. Nígbà tí mo fẹ́ kí ó yára, okùn dagun mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì rí i nínú ẹran ara mi, ohun tí n kò rí lára ìlẹ̀kùn: fífà kan ṣoṣo, tí kò wo àárín, tí kò wo iwájú. Mo lóye rẹ̀ pátápátá. Inú mi kò dùn rárá. Mo tú òkúta náà sílẹ̀, ó sì lọ bá ewúrẹ́ ẹni ẹlẹ́ni.

Mo di olùkọ́ ìṣirò, mo di ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, mo sì fi kànnàkànnà kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn alábẹ̀wò gbóríyìn fún mi lórí ọ̀nà ìkọ́ni náà. N kò dárúkọ Dúpẹ́ fún wọn rí. Òun ní tirẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ títì, ó wà lára àwọn tí ń pinnu bí kọ́nà ṣe gbọ́dọ̀ tẹ̀ kí ọkọ̀ má baà fò kúrò lójú ọ̀nà. Bí a bá pàdé ní ibi ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú ẹbí, yóò kúnlẹ̀ fún mi pẹ̀lú gbogbo ipò rẹ̀, yóò sì sọ fún àwọn tí ó wà níbẹ̀ pé, "Àǹtí mi nìyí, tí ó ní kí n má yí ìdáhùn mi padà." Wọn yóò yìn mí. Mo jẹ ìyìn yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò yó mi lẹ́ẹ̀kan.

Ní àìpẹ́ yìí, ó wá kí mi ní Ìkàrẹ́. Arúgbó méjì ni wá báyìí. Ó gbé èlùbọ́ wá, gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́, ó sì gbé rúlà náà sórí tábìlì láàrin àwa méjèèjì. Ó ní, "Ẹ gbà á, Àǹtí. Ojú mi kò rí nọ́ńbà rẹ̀ mọ́." Mo mọ̀ pé bí n kò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, n kò ní sọ ọ́ mọ́.

"Dúpẹ́, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ọ. Lọ́jọ́ tí mo ní kí o má yí i padà..."

"Ẹ ti rí mẹ́wàá mi lórí àmù, ẹ sì rò pé n kò gbà á."

Ife tíì mi dúró lójú ọ̀nà ẹnu.

"Mo bu omi mu lọ́jọ́ yẹn, Àǹtí Mojí. Ṣé ẹ rò pé òùngbẹ ni? Mo rí mẹ́rìnlá yín. Mo ní ẹ̀yin ni ẹ dàgbà, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n. Mo wá bá yín nídìí odó kí ẹ lè sọ fún mi kí n tún un ṣe. Nígbà tí ẹ ní kí n fi mẹ́wàá sílẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n ṣubú ni. Inú bí mi. Mo ní ó dáa, bí n óo bá ṣubú, ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ni n óo bá ṣubú."

"Kí ni o wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún lójú gbogbo ilé?"

"Kí Bàbá lè bi yín ní ohun tí ó bi yín."

"O burú, Dúpẹ́!"

"Mo burú gan-an ni." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ni ó ń sọ ọ́ fún ní Sátidé gbogbo. Ó dára, Mojísọ́lá. Ó dára, Mojísọ́lá. Orí ni ó ń mì fún èmi, bí ẹni ń kí ará ọ̀nà. Mo máa ń dúró títí kí ó pe orúkọ mi. Rúlà ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, Àǹtí. Ẹ̀yin ni ẹ gba Bàbá."

N óo fẹ́ láti kọ ọ́ síhìn-ín pé ọkàn mi fúyẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó kọ́kọ́ dé sí mi lọ́kàn ni pé ó ti pa á mọ́ jù mí lọ. Pé nínú èyí náà, òun ni ó gba ipò kìíní. Ní òdì kejì ògiri, àwọn ọmọ kéú ń ka wàláà wọn, àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tí mo mọ̀. Mo mú rúlà náà, mo fi ìka ti àárín rẹ̀ lọ síwájú, mo tì í padà, ó ṣì ń yọ̀ bí ọjọ́ kìíní. Mo nà án padà sí i. Mo wá na ẹ̀yìn mi tọ́, mo sì wí i pẹ̀lú ohùn tí ó sún mọ́ ti bàbá mi jù lọ nínú èyí tí mo ní: "Mẹ́wàá ni. Ó dára, Modúpẹ́olúwa."

Ó bo ojú rẹ̀ fún ìgbà tí ó pẹ́. Nígbà tí ó ṣí i, ó gba rúlà náà lọ́wọ́ mi, ó fi í sínú báàgì rẹ̀, ó sì ti ẹnu báàgì. Mo rò pé yóò tún bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan sí i kí n mú un. Kò bẹ̀ mí.